Òkè tó dákẹ́ fún àgọ́ pípa àti ìrìn ẹsẹ̀ ní Georgia: ta ló ti sùn ní Black Rock Mountain?

BàbáÌbejì_Gwinnett

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará. Màmá mi ń bọ̀ láti Abẹ́òkúta nínú oṣù kẹrin, wọ́n á sì wà lọ́dọ̀ wa títí di ìgbà tí àwọn ọmọ bá gba ọlidé. A fẹ́ mú wọn lọ síbì kan tó ga, tó tutù, tí ariwo mọ́tò kò dé, ká pàgọ́, ká fẹsẹ̀ rìn nínú igbó. Stone Mountain la máa ń lọ, ṣùgbọ́n èrò ibẹ̀ ti pọ̀ ju ohun tí mò ń wá lọ. Ẹnìkan níbi iṣẹ́ dárúkọ Black Rock Mountain State Park fún mi, ó ní orí òkè gan-an ni wọ́n ń pàgọ́ sí. Ta ló ti sùn níbẹ̀ nínú wa? Orúnkún ń dun màmá, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án sì ni àwọn ìbejì. Ẹ bá mi sọ ọ́ bó ṣe rí, ẹ má sọ dídùn rẹ̀ nìkan.

Ẹsẹ̀Òkè

Ẹ kú ìmúra àlejò, Bàbá Ìbejì. Ẹni tó dárúkọ ibẹ̀ fún yín mọ ohun tó ń sọ.

Ìjọba ìpínlẹ̀ Georgia ló ni páàkì náà. Mountain City ló wà, ní Rabun County, ẹ ó kọjá Clayton díẹ̀ kí ẹ tó débẹ̀, North Carolina kò sì jìnnà síbẹ̀ mọ́. Nínú gbogbo páàkì tí ìpínlẹ̀ yìí ní, kò sí èyí tó ga tó o: téńté òkè náà jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 3,640 sí ìtẹ́jú òkun. Láti ọ̀dọ̀ yín ní Gwinnett, ẹ gba I-985, ẹ tẹ̀ lé e títí tó fi di 365, ẹ bọ́ sí 441, ẹ kọjá Tallulah Falls, ẹ kọjá Clayton, kí ẹ wá yà sọ́wọ́ òsì ní Mountain City. Ẹ fi bíi wákàtí méjì sí i, bí kò bá sí sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ.

Láti ibi tí ẹ bá ti yà yẹn, ọ̀nà á bẹ̀rẹ̀ sí í lọ́, á sì máa gòkè lọ. Ẹ fara balẹ̀ wakọ̀. Nígbà tí ẹ bá ń sọ̀kalẹ̀ padà, ẹ fi ọkọ̀ sí jíà kékeré, ẹ má tẹ búréèkì mọ́lẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀.

Ohun tó mú mi fẹ́ràn ibẹ̀ rèé. Ní ọ̀pọ̀ páàkì olókè, àfonífojì ni wọ́n ń pàgọ́ sí, èèyàn á wá gun òkè lọ wòran, á tún sọ̀kalẹ̀ wá sùn. Ti Black Rock kò rí bẹ́ẹ̀. Òkè ni ibùdó àgọ́ wà, òkè náà ni àwọn ilé kékeré tí wọ́n ń háyà fún àlejò wà. Bí àwọn tó wá wòran bá ti relé, tí wọ́n sì ti géètì ní agogo mẹ́wàá alẹ́, ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ sùn nìkan ló kù pẹ̀lú igbó. Ìdákẹ́jẹ́ tí ẹ ń wá, òru àti ìdájí ló wà. Ẹni tó lọ lọ́sàn-án tó sì padà lọ́sàn-án, kò tíì débẹ̀ ní tèmi.

Ní ti màmá, kò sí òkè kankan tí wọ́n gbọ́dọ̀ fẹsẹ̀ gùn. Àwọn ibi ìwòran wà létí ọ̀nà tí mọ́tò ń dé: Cowee Overlook, Blue Ridge Overlook, àti Black Rock Overlook tó wà lẹ́bàá ọ́fíìsì àlejò. Ìṣísẹ̀ díẹ̀ ni láti ibi tí ẹ bá gbé ọkọ̀ sí, wọ́n á sì máa wo òkè lẹ́yìn òkè títí ojú kò fi ní ríran mọ́.

ỌmọÌdànrè

Ẹ̀gbọ́n ti sọ òótọ́. Mo kàn fẹ́ fi èyí kún un: ẹni tó mọ Òkè Ìdànrè tàbí Olúmọ kó má lọ retí àpáta gbalaja tí oòrùn ń pa. Igbó ló bo Black Rock. Àpáta dúdú tí wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ kàn yọrí lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkè láwọn ibì kan ni. Abẹ́ igi lẹ máa rìn jù, ìbòòji wà, ilẹ̀ sì rọ̀ fún ẹsẹ̀.

Ọ̀nà tí ẹ gbọ́dọ̀ rìn ni Tennessee Rock Trail. Máìlì 2.2 ni, ó yí po, ibi tí ẹ bá ti bẹ̀rẹ̀ lẹ máa parí sí. Ọ̀dà aláwọ̀ ìyeyè ni wọ́n fi sàmì sára igi, ẹ kò lè ṣìnà bí ẹ bá ń wò ó. Ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ń gòkè, á mú èèyàn mí hẹlẹ, ṣùgbọ́n bí ẹ bá ti dé orí òkè gbọọrọ, ọ̀nà á tẹ́jú, ẹ ó máa rìn lórí rẹ̀ títí dé téńté. Àwọn ìbejì ọmọ ọdún mẹ́sàn-án á rìn ín tán láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni pọ̀n wọ́n.

Orí òkè gbọọrọ yẹn ni ààlà omi. Òjò tó bá rọ̀ sí apá gúúsù rẹ̀ á gba àwọn odò kéékèèké wọ odò Savannah, á sì já sí Òkun Àtìláńtíìkì. Èyí tó bá rọ̀ sí apá àríwá á wọ odò Little Tennessee, á tibẹ̀ wọ Tennessee, á wọ Ohio, á wọ Mississippi, ó di ìsàlẹ̀ New Orleans kó tó rí òkun. Ẹ fún àwọn ìbejì ní ike omi lọ́kọ̀ọ̀kan. Kí Táyé da tirẹ̀ sọ́tùn-ún, kí Kẹ́hìndé da tirẹ̀ sósì. Ọmọ mi dà á sápá méjèèjì, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń wo bí ewé gbígbẹ ṣe ń fà á mu, ó wá bi mí pé èwo ló máa kọ́kọ́ dé òkun. Ó ṣì ń bi mí dòní.

ÌyáÀgọ́

Ẹ kú ìjókòó o. Ọ̀rọ̀ oúnjẹ àti oorun ni kí ẹ jẹ́ kí n bá yín sọ.

Ibi ìpàgọ́ tí mọ́tò ń wọ̀ ní iná mànàmáná àti ẹ̀rọ omi, bíi 44 ni wọ́n. Àwọn tí ẹ máa fẹsẹ̀ ru ẹrù dé, 12, kò ní iná, ṣùgbọ́n wọ́n dákẹ́ ju ti ọlọ́kọ̀ lọ. Balùwẹ̀ omi gbígbóná wà. Ẹ rántí pé òkè ni: bó bá móoru ní Lawrenceville lọ́dọ̀ yín, òru ibẹ̀ lè béèrè súwẹ́tà àti ìbora tó nípọn, pàápàá nínú oṣù kẹrin. Bí mo bá jẹ́ yín, màmá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Abẹ́òkúta dé kò ní sùn nílẹ̀ àgọ́. Ilé kékeré mẹ́wàá ló wà níbẹ̀ tó ní yàrá, ilé ìdáná àti ibi ìdáná tó ń mú ilé móoru. Ẹ gba ọ̀kan fún wọn. Ẹ̀yin àti àwọn ọmọ lè pa àgọ́ ní ibùdó, tàbí kí gbogbo yín jọ sùn sínú ilé náà.

Òjò. Rabun County wà lára àwọn ibi tí òjò ti ń rọ̀ jù ní ìlà-oòrùn Amẹ́ríkà. Bí ẹ bá débẹ̀, tapólì ni kí ẹ kọ́kọ́ ta sórí igi, kí ẹ tó tú àgọ́ jáde nínú àpò. Bí òjò bá dé, ẹ ti ní ibi tí ẹ lè dáná sí.

Oúnjẹ: mo máa ń din ata sílẹ̀ nílé, màá dì í sínú ọ̀rá, màá jẹ́ kó dì gbagidi nínú fírísà, ìyẹn náà á sì máa mú kúlà tutù lójú ọ̀nà. Bí a bá dé òkè, ìrẹsì nìkan ló kù láti sè lórí sítóòfù gáàsì. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ mi dáadáa: béárì dúdú ń gbé igbó yẹn. Imú wọn kì í ṣeré. Ẹja gbígbẹ, irú, òróró, oúnjẹ ọmọ, ọṣẹ ìfọyín, ìpara, gbogbo ohun tó bá ń rùn títí kan àwo tí ẹ kò tíì fọ̀, inú ọkọ̀ ni, kí ẹ sì ti ilẹ̀kùn. Kò gbọdọ̀ sí bísíkíìtì kankan nínú àgọ́ ọmọdé. Béárì tó bá ti mọ́ lára láti máa jẹ oúnjẹ èèyàn kì í pẹ́ kú, wọ́n sábà máa ń pa á ni. Nítorí tirẹ̀ náà ni mo ṣe ń tẹnu mọ́ ọn.

Ẹ má di igi ìdáná láti ilé lọ. Kòkòrò ń gbé inú igi. Èyí tó ń pa igi áàṣì ti wọ Georgia láti 2013, igi ìdáná tí àwọn èèyàn ń kó káàkiri sì wà lára ohun tó ń gbé e rìn. Ẹ rà á níbẹ̀.

Wúrà_Decatur

Ẹ ṣeun, Màámi. Ìbéèrè kan tí mi ò mọ bí mo ṣe lè béèrè ẹ̀ níta: èmi àti ọmọbìnrin mi nìkan ni a máa lọ. Aláwọ̀ dúdú, obìnrin, ní òkè Georgia lọ́hùn-ún. Ṣé ọkàn èèyàn á balẹ̀?

ÌyáÀgọ́

Ọmọ mi, ìbéèrè tó yẹ ni. Èmi àti àwọn ọmọbìnrin mi la máa ń lọ láìsí ọkùnrin kankan. Lójú ọ̀nà, o lè rí àsíá Confederate, ti àwọn tó jagun kí ìkónilẹ́rú má bàa parí, lẹ́nu ilé ẹlòmíràn, kò sì ní dùn mọ́ ẹ nínú. Nínú páàkì, àwọn réńjà ń rìn yí ká, àwọn kan sì wà tó ń gbé ibùdó àgọ́ láti bá wọn mójú tó o. Wọ́n máa ń kí wa, wọ́n máa ń béèrè bóyá a ní igi tó. Bàbá òyìnbó kan tó pàgọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ wa rí i pé ọwọ́ wa kò tó okùn tapólì, ó gbé àpótí wá, ó so ó, ó sì padà síbi tirẹ̀.

Ohun tí mo máa ń ṣe: mo máa ń gba àyè tí kò jìnnà sí balùwẹ̀, mo máa ń débẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú, mo sì máa ń fi nọ́ńbà àyè wa àti ọjọ́ tí a ń padà ránṣẹ́ sí àbúrò mi. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò dúró sójú kan lórí òkè yẹn, nítorí náà sọ fún ẹnìkan kí o tó gòkè.

ỌmọAjíhìnrere

Ẹ kú iṣẹ́ ribiribi. Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ akọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì wa. Bí mo ṣe ń ka ọ̀rọ̀ yín, orí òkè àdúrà tó wà nílé ló ń wá sí mi lọ́kàn. A ti ń wá irú ibi báyìí. Ṣé a lè kó ọkọ̀ akérò lọ síbẹ̀ ní ọjọ́ Ẹtì, ká ṣe àìsùn, ká gbàdúrà títí ilẹ̀ fi máa mọ́, ká sọ̀kalẹ̀ ní Sátidé?

Ẹsẹ̀Òkè

Ẹ má bínú, kò ṣeé ṣe, kò sì yẹ kí a gbìyànjú rẹ̀. Láti agogo mẹ́wàá alẹ́ di méje àárọ̀, àkókò ìdákẹ́jẹ́ ni. Òfin ni. Ẹni tó bá gbé ohùn sókè, réńjà á wá bá a, bó bá tún ṣe é, wọ́n lè ní kó kó ẹrù rẹ̀.

Ká tiẹ̀ yọ òfin kúrò. Gbogbo ẹni tó wà lórí òkè yẹn lóru, nítorí pé ibẹ̀ dákẹ́ ló ṣe wá. Nọ́ọ̀sì tó ṣiṣẹ́ òru lọ́sẹ̀ tó kọjá wà nínú àgọ́ kan. Ẹlòmíràn ṣẹ̀ṣẹ̀ sin èèyàn rẹ̀ ni. Ohùn kan ṣoṣo ń rìn jìnnà lórí òkè lóru, ká má tíì sọ ti ẹgbẹ́ akọrin. Bí a bá fi ariwo gba ìdákẹ́jẹ́ yẹn lọ́wọ́ wọn, kò sí nǹkan mìíràn tí páàkì lè fi dí i fún wọn.

ỌmọAjíhìnrere

Mo gbọ́, sà. Ṣùgbọ́n nílé, orí òkè ni Bàbá wa ti ń ké pe Ọlọ́run, kò sẹ́ni tó ń bínú.

ÌyáÀgọ́

Nílé, òkè àdúrà ni wọ́n yà á sọ́tọ̀ sí. Gbogbo ẹni tó gòkè ló mọ̀ pé ariwo àdúrà lòun ń bá níbẹ̀. Èyí, ti gbogbo ará ìlú ni, onígbàgbọ́ àti aláìgbàgbọ́.

Àmọ́ kò di dandan kí àdúrà di ariwo kó tó gòkè. Hánà nínú Bíbélì, ètè rẹ̀ nìkan ló ń mì, Élì kò gbọ́ ohùn rẹ̀ rárá, ó tiẹ̀ rò pé ó ti mutí ni. Ọlọ́run sì dá a lóhùn. Mo máa ń jí ní ìdájí níbẹ̀, màá lọ jókòó ní ibi ìwòran. Láwọn àárọ̀ kan, kùrukùru á ti kún àfonífojì bámú, ẹ kò ní rí Clayton, ẹ kò ní rí títì, orí àwọn òkè kéékèèké nìkan lẹ máa rí tó yọ lókè ìkúùkuu. Mi ò rí i kí ẹnikẹ́ni jókòó síbẹ̀ kó má dúpẹ́. Ẹ kó díẹ̀díẹ̀ wá, ní ìdílé kan sí ìdílé méjì, ẹ wá gbàdúrà bí Hánà.

Alálùwàlá

Òótọ́ ni ÌyáÀgọ́ sọ. Èmi àti ìyàwó mi máa ń kírun Sùbúù níbẹ̀, ẹnikẹ́ni kò mọ̀ pé a ti jí. Ẹ gbé kọ́ńpáàsì dání, ẹ má gbára lé fóònù láti mọ ibi tí ẹ máa kọjú sí. ỌmọAjíhìnrere, bí ẹ bá fẹ́ kọrin, àwọn páàkì kan ní ibùdó ẹlẹ́gbẹ́ àti àtíbàbà tí wọ́n ń háyà lọ́sàn-án. Ẹ pe ọ́fíìsì wọn kí ẹ ṣàlàyé iye èèyàn àti ohun tí ẹ fẹ́ ṣe.

ỌmọAjíhìnrere

Ó dáa. Màá gbé e lọ síwájú àwọn àgbà ìjọ bẹ́ẹ̀: ìdílé díẹ̀, láìsí ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Ẹ ṣeun tí ẹ kò fi pamọ́ fún mi.

Pẹjapẹja

Ẹ jẹ́ kí ẹni tó mọ omi náà sọ̀rọ̀. Adágún kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Black Rock Lake, éékà 17. Kì í ṣe orí òkè ló wà o, ẹ ó fi ọkọ̀ sọ̀kalẹ̀, ẹ ó sì gba ọ̀nà mìíràn dé ibẹ̀, nítorí náà èrò ibẹ̀ kì í pọ̀. Ọ̀nà ẹsẹ̀ tó yí i po kò pé máìlì kan, ó tẹ́jú, màmá olórúnkún á lè rìn ín díẹ̀díẹ̀. Ẹni tó bá ti pé ọdún 16 gbọ́dọ̀ ní láísẹ́ǹsì Georgia kó tó ju ìwọ̀ sómi. Àwọn ìbejì kò nílò rẹ̀.

Bí ẹ bá fẹ́ ìrìn gidi, ẹ rin James E. Edmonds Trail. Máìlì 7.2, ọ̀dà aláwọ̀ ọsàn. Ẹ mú àwọn ọmọ dání, ẹsẹ̀ ọmọdé yá.

Ẹsẹ̀Òkè

Pẹjapẹja, mi ò gbà pẹ̀lú yín lórí èyí. Edmonds ń sọ̀kalẹ̀, ó ń gòkè, ó tún ń sọ̀kalẹ̀, ibi tó sì ti le jù ni ibi tí ó ti ń rẹ èèyàn. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án tí kò tíì rin irú ẹ̀ rí á jókòó sílẹ̀ ní máìlì karùn-ún, kò sì sí ọ̀nà mọ́tò nítòsí. Tennessee Rock ló yẹ wọ́n. Ọ̀nà ẹsẹ̀ tó dé Ada-Hi Falls, ibi tí omi ti ń já bọ́ látòkè, náà kúrú gan-an, ṣùgbọ́n ó dagẹ̀rẹ̀, àtẹ̀gùn wà níbẹ̀. Ìgbà tí òjò bá ti rọ̀ dáadáa ni kí ẹ lọ. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, omi tó ń já bọ́ níbẹ̀ kò pọ̀.

Bí ọkàn yín bá fà sí omi tó ń bú, ẹ yà ní Tallulah Gorge bí ẹ bá ń lọ, ó wà lójú ọ̀nà 441 yẹn. Ọ̀gbun ńlá ni, jíjìn rẹ̀ súnmọ́ ẹsẹ̀ bàtà 1,000. Èèyàn 100 péré ni wọ́n ń fún ní ìwé àṣẹ lóòjọ́ láti sọ̀ dé ìsàlẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ lè wò ó látòkè. Èrò pọ̀ níbẹ̀. Ẹ wò ó, kí ẹ máa lọ.

Ohun kan tún wà tí ó yẹ kí àwọn ìbejì gbọ́ lẹ́nu yín kí wọ́n tó fẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ yẹn. Ilẹ̀ àwọn Cherokee ni. Àwọn ló ni gbogbo òkè wọ̀nyẹn kí wọ́n tó gbà á lọ́wọ́ wọn tí Rabun County sì bẹ̀rẹ̀ ní 1819. Nígbà tó di 1838, sójà lé àwọn tó kù ní Georgia kúrò, wọ́n fẹsẹ̀ rìn lọ sí ìwọ̀-oòrùn, ibi tó di Oklahoma lónìí, ẹgbẹẹgbẹ̀rún sì kú. Ó máa ń dùn mí bí mo bá rí i tí àwọn òbí ń tọ́ka sí òkè fún ọmọ tí wọn kò dárúkọ àwọn tó ni ín.

BàbáÌbejì_Gwinnett

Mo ka gbogbo rẹ̀ fún ìyàwó mi, ẹ kú làálàá. Ìgbà wo ló dára jù? Báwo ni wọ́n ṣe ń gba àyè?

ỌmọÌdànrè

Ẹ sá fún ìparí ọ̀sẹ̀ nínú oṣù kẹwàá. Ìgbà yẹn ni ewé ń pọ́n, ó rẹwà lóòótọ́, ṣùgbọ́n gbogbo Atlanta ló ń gòkè lọ wò ó. Ọ̀sẹ̀ ìsinmi àwọn ọmọ nínú oṣù kẹrin náà máa ń kún. Àárín ọ̀sẹ̀, Túsìdeè sí Tọ́sìdeè, ni kí ẹ lọ. Nínú oṣù karùn-ún sí ìkẹfà, òdòdó mountain laurel á ti tan lẹ́bàá ọ̀nà ẹsẹ̀, funfun àti pupa rẹ́súrẹ́sú.

Orí ìkànnì Georgia State Parks lẹ ti máa gba àyè, wọ́n ń ṣí i sílẹ̀ láti oṣù 13 ṣáájú. Àwọn tó mọ̀ ti gba ọjọ́ Ẹtì àti Sátidé tán. Àárín ọ̀sẹ̀ ṣì máa ń ṣófo, àwọn kan á sì fagi lé tiwọn, ẹ máa yẹ̀ ẹ́ wò. Owó ìgbọ́kọ̀sí jẹ́ dọ́là márùn-ún lóòjọ́ nígbà tí mo lọ kẹ́yìn.

BàbáÌbejì_Gwinnett

Ẹ̀yin ará, ó ti bọ́ sí i. Mo rí ilé kékeré kan gbà, Túsìdeè sí Tọ́sìdeè, ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹfà, lẹ́yìn tí ilé ìwé bá parí. Èmi àti àwọn ìbejì máa pàgọ́ ní alẹ́ kejì, mo ti gba àyè kan lára èyí tí a máa fẹsẹ̀ ru ẹrù dé. Mo pe màmá lórí WhatsApp, inú wọn dùn. Wọ́n ní kí n bi yín bóyá èèyàn lè sun àgbàdo níbẹ̀.

ÌyáÀgọ́

Ẹ bá mi kí màmá o. Wọ́n á sun ún dáadáa! Ihò iná tí wọ́n ṣe sí ojú àgọ́ kọ̀ọ̀kan ní irin lórí, inú rẹ̀ nìkan ni kí ẹ dáná sí, kì í ṣe ilẹ̀ẹ́lẹ̀. Ẹ ra àgbàdo ní Clayton bí ẹ bá ń kọjá, ẹ ra epo mọ́tò àti yìnyín síbẹ̀ náà kí ẹ tó gun òkè. Bí ẹ bá jẹ ẹ́ tán, ẹ má ju ṣúkù rẹ̀ sí igbó. Ẹ dì í sínú ọ̀rá, ẹ kó o lọ sí ibi ìdalẹ̀nù onírin tí béárì kò lè ṣí. Kí ẹ sì da omi sí iná náà títí ẹ ó fi lè fi ọwọ́ kan eérú rẹ̀ kí ẹ tó lọ sùn.